Ẹ Má Jí I, Ìran Ló Ń Rí

Agogo ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Agogo ọwọ́, irú èyí tí wọ́n ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà nísàlẹ̀ ìlú Àyèká. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ ìsìn. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ènìyàn ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó dé. Nígbà tí àwọn aládùúgbò fi máa sáré dé ilé Màmá Aníwúrà, ìyá àgbà náà ti wọ aṣọ funfun, ó ti bọ́ bàtà, ó na apá kan dí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi èkejì mi agogo kíkankíkan.

“Ẹ má pariwo o!” ó kígbe. “Ẹ má wọlé! Ẹ̀mí ti gbé ọmọ tuntun!”

Eunice, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, fi ìka di etí méjèèjì. “Màmá, ẹ̀yin mà lẹ ń pariwo.”

“Agogo kì í ṣe ariwo. Ti Ọlọ́run ni.”

“Ọmọ tuntun wo? Ìkókó tí ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já?”

“Òun náà ni. Láti àná ló ti wà nínú ẹ̀mí. Ẹ má jí i, ìran ló ń rí.”

Gbogbo wọn mọ òfin ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bí ẹ̀mí bá gbé ènìyàn, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n á tan àbẹ́là, akọ̀wé á mú pẹ́ńsù, á jókòó tì í láti kọ ohun tó bá sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi padà. Wọ́n ti ṣe é fún àgbà. Wọ́n ti ṣe é fún ọ̀dọ́. Kìkì pé wọn kò tíì ṣe é fún ẹni tí kò tíì lórúkọ.

Vincent ló jókòó ti ẹní nínú yàrá. Ọmọ Màmá ni, òun ni bàbá ìkókó náà. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, òun náà ló sì ń kọ ìran sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ti fà á kúrò nídìí pákó tó ń fá, èérún igi ṣì wà nínú irun rẹ̀.

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” Màmá ní.

“Kí ni kí n kọ, Màmá?”

“Ohun tó bá sọ.”

Vincent wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ṣe, ìkókó náà ká ẹsẹ̀ sókè, ó fún ojú pọ̀, ó só.

“Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?”

“Kọ gbogbo rẹ̀,” Màmá dáhùn. “Olùṣọ́ ìjọ ni yóò túmọ̀ rẹ̀.”

Ìtàn tí Àyèká ń sọ nìyẹn. Ọdún 1963 ló ṣẹlẹ̀, kò sì sí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tí wọn kì í tún un sọ níbẹ̀. Dora nìkan ni kì í sọ ọ́. Dora, ìyàwó Vincent, ìyá ọmọ tó ń ríran. Òun ló wà ní kọ̀rọ̀ yàrá lọ́jọ́ náà, tí kò sẹ́ni tó wò ó.

Kì í kúkú ṣe pé òpùrọ́ ni Màmá Aníwúrà. Rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ láyé: “Mi ò mọ̀.” Bí o bá bi í ní ọ̀nà ibi tí kò dé rí, yóò júwe rẹ̀, yóò sì bínú bí o kò bá gba ibẹ̀ lọ.

Ó ní òun gbọ́ èdè Ìjọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Bí àwọn obìnrin Ìjọ̀ ará Àrógbò bá kó ẹja gbígbẹ wá sí ọjà Okìtìpupa, Màmá ni yóò ṣíwájú àwọn ará Àyèká, òun ni ògbufọ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin ẹlẹ́ja kan nàka sí wọn, ó sọ̀rọ̀ gígùn, ó sọ ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀.

“Kí ló wí, Màmá?” Eunice bèèrè.

“Ó ní ẹ kú àárọ̀.”

“Gbogbo ìyẹn?”

“Ó kí wa dáadáa ni.”

Ni ẹlẹ́ja náà bá fi Yorùbá tó já gaara dá wọn lóhùn. “Mo ní, ta ló ni ọmọ tó dúró lórí ẹja mi?” Màmá kò yí ojú padà. “Ṣé ẹ gbọ́?” ó ní. “Ó kí wa tọmọtọmọ.”

Ti ọdún 1972 náà ńkọ́? Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Màmá gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó gbọ́ ìdajì. Nígbà tí ìsìn Sunday máa bẹ̀rẹ̀, ó ti dìde láàárín àwọn obìnrin, ó ní kí gbogbo wọn kó lọ sí apá ọ̀tún ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó láti ọjọ́ tí a ti dá a sílẹ̀. Àwọn obìnrin kó. Àwọn ọkùnrin kò rí ibi jókòó. Ẹni tó ń lọ pàdé ẹni tó ń bọ̀, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Olùṣọ́ Àlàmú, tí í ṣe olórí ìjọ, dá orin dúró.

“Màmá Aníwúrà, kí lèyí?”

“Ìjọba ló wí bẹ́ẹ̀.”

“Mọ́tò ni wọ́n ń bá wí!”

“Ǹjẹ́ Olùṣọ́, bí mọ́tò tí kò lọ́kàn bá lè gbọ́ràn, àwa ńkọ́?” Olùṣọ́ ní kí wọ́n máa bá orin lọ. Títí di òní, apá ọ̀tún ni àwọn obìnrin ń jókòó níbẹ̀.

Irú ẹni tó di ẹnu ọ̀nà mú lọ́sàn-án ọjọ́ ìran náà nìyẹn. Dora sì wà nínú.

Ọmú rẹ̀ méjèèjì ti le bí àgbọn. Awọ rẹ̀ ń dán, ó gbóná, iṣan yọ lára rẹ̀ bí gbòǹgbò. Bí ìró bá kàn án lásán, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Wàrà ti ya dé ní àná, ó kún bámúbámú, ẹni tó yẹ kó mu ún kò sì jí. Bó bá gbé e sí i lẹ́nu, ọmọ á lá a lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ á yọ̀ kúrò, nítorí ọmú ti wú débi tí orí rẹ̀ ti rì. Yóò wá tún sùn. Oorun bí ti ẹni tó roko.

Àkọ́bí rẹ̀ ni. Ìyá tó bí Dora ti kú sí Òde-Ìrèlè kí ó tó wọlé ọkọ. Kò mọ̀ bóyá báyìí ni ọmọ ṣe máa ń sùn. Kò mọ̀ bóyá báyìí ni ọmú ṣe máa ń le. Ohun tó mọ̀ kò pọ̀: bí ọmọ yìí kò bá mu, ebi á pa á kú sójú oorun. Bí wàrà yìí kò bá jáde, ọmú á di oówo.

Ìmọ̀ràn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Eunice ní kí ó fi omi gbígbóná jó o. Obìnrin kan tó ń ti odò bọ̀ ní, “Háà, gbígbóná kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ sè é ni? Omi tútù ni.” Ẹlòmíràn ní kí ó mú òòyà, kí ó máa ya ọmú bí ẹni ń ya irun. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má fún un lọ́bẹ̀ marúgbó mọ́, pé ọbẹ̀ yẹn ló ń pe wàrà. Eunice ní irọ́ ni, aboyún àti abiyamọ wo ni kì í jẹ marúgbó ní Ìkálẹ̀? Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ọbẹ̀. Dora ti fi òòyà ya ọ̀tún. Ó ti fi omi tútù nu òsì. Ọ̀tún ń dùn ún. Òsì ń dùn ún. Kò mọ èyí tó yẹ kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màmá,” ó pè láti inú yàrá, “gbígbóná ni àbí tútù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Màmá dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

Olùṣọ́ Àlàmú dé. Wọ́n jẹ́ kí ó wọlé. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Vincent, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó kà á síta: “Ó yán. Ó só. Ó tún yán.” Ó wo ọmọ. Ó wo Màmá.

“Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, Olùṣọ́?”

“Ó jinlẹ̀,” ni Olùṣọ́ wí, ó sì padà síta. Ó bẹ̀rù ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù Màmá Aníwúrà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni Dora kò ti lè gbà á mọ́. Ó dìde. Aṣọ tó ró bọ́ sílẹ̀ láyà rẹ̀, kò bìkítà.

“Màmá! Ọmọ lè wà nínú ẹ̀mí. Ọmú mi kò sí nínú ẹ̀mí o! Ara mi ló wà!”

Àwọn ará ìta sún mọ́ fèrèsé. Ìyàwó ilé kì í jágbe mọ́ ìyá ọkọ ní Àyèká, pàápàá ìyá ọkọ tó mú agogo lọ́wọ́. Màmá sọ apá tó fi dí ọ̀nà kalẹ̀. Ó wọlé. Ó ní kí Vincent kó pẹ́ńsù rẹ̀ jáde. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn kò sí nínú ìtàn tí Àyèká ń sọ.

Màmá kò bá a wí. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó lọ tààrà sídìí ẹní, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ imú ọmọ náà, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Dora wá rántí pé láti ìgbà tí agogo ti bẹ̀rẹ̀, Màmá ti ń wọlé báyìí, á tẹ̀ ba, á gbé ọwọ́ síbẹ̀, á jáde lọ lu agogo. Ó ti rò pé àdúrà ni.

“Ó ṣì ń mí,” Màmá ní. Ohùn rẹ̀ kéré. Dora kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. “Àkọ́bí tèmi sùn báyìí.”

“Bùọ̀dá Vincent?”

“Kì í ṣe Vincent.”

Láti ọjọ́ tí Dora ti wọ ilé náà, Vincent ni gbogbo ayé ń pè ní àkọ́bí Màmá Aníwúrà. Dora dúró, ó di ọmú mú, ọ̀rọ̀ ń pò ó lọ́pọlọ. Ó pẹ́ kí ó tó yé e: ọmọ kan ti wà ṣáájú Vincent, ó sùn, kò jí. Ẹni tí ẹ̀mí bá gbé, padà ló ń padà. Wọn kì í sunkún rẹ̀. Wọ́n á jókòó tì í ni, wọ́n á máa retí. Nínú gbogbo orúkọ tí ènìyàn lè pe ọmọ tí kò jí, èyí tí a lè retí ni Màmá mú.

“Màmá,” Dora ní jẹ́jẹ́, “ẹ jẹ́ ká jí i.”

“Mo ti ní kí gbogbo Àyèká má jí i.”

“Màmá!”

“Ó dáa.” Màmá nu imú. Ó yọ orí sí fèrèsé, ó mi agogo. “Ìran ti parí o! Eunice, gbé omi gbígbóná wá!”

“Mo wí bẹ́ẹ̀! Gbígbóná ni!” Eunice ké láti ìta.

“Ta ló bi ẹ́?”

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Màmá bọ́ aṣọ funfun, ó ká ìró mọ́ ìdí. Ó ki aṣọ bọ omi, ó fún un, ó dán an wò lára apá tirẹ̀ kí ó má baà gbóná jù, ó fi bo ọmú ọ̀tún. Dora ké yéè. Màmá bu àdín sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ọwọ́ wọ́ ọ láti abẹ́ abíyá bọ̀ níwájú, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣí ewé ẹ̀kọ tó gbóná. Lẹ́yìn náà ó gbé àtàǹpàkò àti ìka sẹ́yìn ibi dúdú orí ọmú. Ó kọ́kọ́ tì í sẹ́yìn sí àyà. Ó wá fún un.

Kò sí nǹkan.

“Màmá, kò jáde.”

“Yóò jáde.”

“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Ìbéèrè wo nìyẹn?” Ṣùgbọ́n òógùn ti bo iwájú Màmá, ó sì ń wo ẹní ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ó tún un tì, ó tún un fún. Ẹ̀kán kan yọ. Ó ki, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Èkejì. Lójijì ni ó tú, ó ta wìì, ó bá Màmá lójú. Dora fẹ́ tọrọ gáfárà. Ẹ̀rín ló gba ẹnu rẹ̀. “Kú orí ire,” Màmá ní, ojú rẹ̀ dì, wàrà ń kán ní ìpéǹpéjú rẹ̀. “Kú orí ire, ìyàwó mi. Fún un lọ.”

Wọ́n fún un títí ibi dúdú náà fi rọ̀, tí orí ọmú yọ síta. Wọn kò fún un tán. Màmá ní kí wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀ fún onílé. Nígbà náà ni ó yí sí ọmọ. Ó tú gbogbo aṣọ tí wọ́n fi wé e, títí kan funfun ìran. Ìhòòhò. Ó gbé e lé Dora láyà, ara sí ara. Ó ki ìka bọ omi tútù, ó fi ń pa á látẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ náà ká ẹsẹ̀. Màmá tún un pa. Ọmọ náà ya ojú kan. Ó wo ìyá-bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìkórìíra tó dájú.

“Bínú,” Màmá ń sọ fún un. “Bínú dáadáa, olówó orí mi. Bú mi. Ké.”

Ó ké. Ẹnu rẹ̀ là gbàgàdà. Màmá ti orí rẹ̀ síwájú, ọmú kún ẹnu rẹ̀, kò sì yọ̀ mọ́.

Yàrá dákẹ́. Wọ́n gbọ́ ìró kan. Gbì. Ó tún dákẹ́. Gbì. Gbì. Gbígbé mì ni. Ọmú òsì náà gbọ́, ó ń kán fúnra rẹ̀ sórí ẹní. Màmá fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbàgà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó pa ojú dé, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré láti Igbotako.

Lẹ́yìn ìgbà tí ọmọ mu tán, Màmá fi aṣọ tútù lé ọmú náà kí ó lè rọlẹ̀. Eunice rí i láti fèrèsé. “Ẹ̀n-ẹ́n? Tútù wá di ohun tó dáa?”

“Gbígbóná ṣáájú, tútù lẹ́yìn,” Màmá ní. “Mo ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀.”

Nígbà tó jáde, gbogbo wọn ṣì dúró. Olùṣọ́ Àlàmú ti ṣí fìlà. Vincent gbé pẹ́ńsù sókè. “Kí ni ìran náà wí, Màmá?” Màmá Aníwúrà wò wọ́n kárí, ojú rẹ̀ ṣì ń dán fún wàrà.

“Ó ní ebi ń pa òun. Ẹ lọ sílé.”

Lọ́jọ́ ìkómọ, òun ló sọ ọ́ ní Olúyọmí. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí ọmọ náà sùn pẹ́ mọ́. Bó bá ti pa ojú dé fún ìwọ̀n tí ìkòkò ọbẹ̀ fi ń hó, agogo á ró létí ẹní. Ọmọ á jí. Àwọn ọmọ ilé Eunice náà á jí. Ajá á gbó. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìgbà tí Olúyọmí ń mu ọmú, kódà àwọn tí kò bèèrè.

Màmá Aníwúrà kú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1973. Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lọ́sàn-án, lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn jókòó sábẹ́ ìmọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ń jẹ pupuru, wọ́n ń sọ ìtàn. Dora kò sí láàárín wọn. Ó wà nínú yàrá pẹ̀lú Ọmọ́wùmí, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tí ìwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Nínú wàhálà ìsìnkú, ọmọ náà ti sùn, orin kò jí i, ẹkún kò jí i, Dora náà kò sì rántí títí àyà rẹ̀ fi le gbagidi sínú aṣọ dúdú.

Ó jókòó sílẹ̀, ó tú bọ́tìnì. Gbogbo ọmọ tó ti bí, ọwọ́ Màmá ló ń bá a ṣe èyí. Kò fúnra rẹ̀ ṣe é rí. Kò rántí èyí tó ṣáájú, bóyá títì ni àbí fífún. Ó gbé ìka síbẹ̀, ó ń retí wàrà. Kò jáde.

Níta, Vincent ti dé ibi tí ọmọ ti só. Ẹ̀rín bú sókè. Olùṣọ́ Àlàmú, tó ti darúgbó, ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Dora náà rẹ́rìn-ín, òun nìkan, nínú yàrá, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ kún. Ó lè jáde lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò jáde. Ó jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Màmá ì bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

“Báyìí ni àbí, Màmá?” ó bèèrè.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bi Màmá Aníwúrà léèrè nǹkan tí kò dáhùn.

Dora nu ojú. Ó tì í sẹ́yìn sí àyà, ó fún un. “Báyìí náà ni,” ó sọ ọ́ síta bí ẹni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ kò dá a lójú rárá. Ó ń pa ọmọ náà látẹ́lẹsẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó bínú, títí wàrà fi yọ, tí Ọmọ́wùmí sì la ẹnu.